Àwọn Ló Máa Kọrin Kẹ́yìn

Nevena fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ìtàn yìí, kí n má sì bo òun láṣìírí. Ó ní bí ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á bá ti ń fi ojú owú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó tètè mọ ibi tí ọ̀nà náà ń já sí.

Irun ni Nevena ń ṣe nílùú Ruse, létí odò Dánúbù. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún. Orin mẹ́tàlì ló so òun àti Asen ọkọ rẹ̀ pọ̀, orin gìtá líle tí ìlù rẹ̀ ń dún láyà ènìyàn bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ẹgbẹ́ olórin kan kì í wá sí agbègbè náà kí tọkọtaya yìí má dé ibẹ̀, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n rán àmì oríṣiríṣi ẹgbẹ́ mọ́ lẹ́yìn.

Àwọn ọ̀rẹ́ bíi mẹ́wàá ni wọ́n jọ máa ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ilé ọtí Bàbá Kolyo ni wọ́n ń pàdé sí, kálukú á sọ bó ṣe rí i.

Ibẹ̀ ni Nevena ti ń jẹ ọba. Ẹnu rẹ̀ dùn. Bó bá ń ṣàpèjúwe bí olórin kan ṣe ké, ẹni tí kò lọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé òun náà wà níbẹ̀. Kódà Momchil, tó ń ṣe ètò orin líle lórí rédíò ìlú, a máa pè é wá sí ilé iṣẹ́ wọn kó wá sọ ohun tó rí fún gbogbo ayé.

Báyìí ló rí títí Kalina fi dé.

Nevena gan-an ló mú un wá. Ó wá ṣe irun lọ́jọ́ kan, ló bá ń kun orin kan lábẹ́ ahọ́n, Nevena sì mọ orin náà. Onírun pupa ni Kalina, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ilé búrẹ́dì Màmá Stanka ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń na ìyẹ̀fun bánítsà, páì oníwàràkàṣì tí gbogbo ìlú fi ń jẹun àárọ̀. Ó sọ fún Nevena pé Ognyan, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, ló kọ́ òun ní orin yẹn. Alùpùpù ló pa Ognyan. Kó tó kú, òun àti àbúrò rẹ̀ ti jọ ṣe àdéhùn pé ọjọ́ yòówù tí ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn jù bá wá sí ìlú àwọn, àwọn méjèèjì á jọ lọ. Ilẹ̀ Fínláǹdì ni ẹgbẹ́ náà ti wá. Orúkọ wọn lédè wọn túmọ̀ sí Yìnyín Dúdú.

Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Kalina bá wọn jókòó nílé Bàbá Kolyo, Nevena ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí, wọ́n ti pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan wá ní, “Kalina, ìwọ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí lójú tìẹ?”

Kalina wo ilẹ̀. Ó ní, “Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n parí, mo rántí.”

Ó parí. Gbogbo tábìlì dákẹ́ ná. Lẹ́yìn náà ni Asen bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ti tán,” ló ń sọ. “Kí la tún fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ ti tán.”

Ẹ̀rín yẹn wọ Nevena lára bí ẹ̀gún.

Nígbà tí wọ́n délé, kò lè mú un mọ́ra.

“Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?”

“Òótọ́ tó sọ ni. Ṣé ẹsẹ̀ kì í dun ìwọ ni?”

“Mo ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, o ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ sí tèmi rí.”

“Nevena, ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ là ń sọ.”

Asen fi ṣe àwàdà, ó sì sùn. Nevena ò tètè sùn. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ojú ọkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí Kalina bá la ẹnu. Kì í ṣe pé ó rò pé wọ́n ń fẹ́ra. Ì bá tiẹ̀ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìyẹn ló lórúkọ. Ohun tó ń dùn ún ni pé ibi tí òun ti ń sọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ọmọbìnrin yìí ń sọ méjì péré, ti Kalina ni wọ́n sì ń gbé lọ sílé.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Àmọ́ ẹyẹ tó ń jowú ò rí ojú ọ̀run. Ẹyẹ kejì nìkan ló ń rí.

Nígbà tó yá, ìròyìn kàn pé ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń rìnrìn àjò kiri ilẹ̀ Yúróòpù máa yà sí Ruse, kí wọ́n tó sọdá afárá lọ sí Rùmáníà. Yìnyín Dúdú wà lára wọn, wọ́n sì ti kéde pé ìrìn àjò àwọn ìkẹyìn nìyí, àwọn fẹ́ fi orin sílẹ̀. Kalina gbọ́ ọ, kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Momchil wá sí ilé Bàbá Kolyo fúnra rẹ̀. Nevena ti tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀.

“Lọ́tẹ̀ yìí,” ni Momchil wí, “Kalina ni mo fẹ́ kó wá sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Mo ti gbọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nevena, o ò ní bínú?”

“Kí ni mo fẹ́ bínú sí?”

Kalina yí sí i kíákíá. “Àǹtí Nevena, ẹ̀yin ló yẹ. Èmi ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Lọ ṣe é, àbúrò mi.”

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Nevena náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ń dún, inú ń jó.

Ọjọ́ orin pé. Ọjọ́ Sátidé ni, lórí pápá létí odò. Àwọn kan gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó wá fún ilé búrẹ́dì, Kalina ò lè kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò dà á láàmú, torí Yìnyín Dúdú ni àgbà nínú àwọn mẹ́rin, àwọn ló máa kọrin kẹ́yìn.

Nevena àti Asen tètè dé kí wọ́n lè ríbi dúró sí níwájú. Asen lọ tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta bíà. Nevena nìkan ló kù lẹ́nu géètì nígbà tí òṣìṣẹ́ kan mú bébà tuntun wá, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.

Wọ́n ti yí ètò padà. Wọ́n máa ti afárá lálẹ́ ọjọ́ náà láti tún un ṣe, ọkọ̀ ẹrù Yìnyín Dúdú sì gbọ́dọ̀ sọdá kí wọ́n tó tì í. Nítorí náà, Yìnyín Dúdú ló máa kọ́kọ́ kọrin. Àwọn mẹ́ta yòókù á tẹ̀ lé wọn.

Nevena ṣì ń kà á lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún.

“Àǹtí Nevena, ẹ kú ìdúró. Ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà kan ń sọ níbí pé wọ́n fẹ́ yí ètò padà. Ṣé òótọ́ ni?”

Ẹ gbọ́ mi o. Obìnrin yìí ò gbèrò ibi nígbà tó kúrò nílé. Kódà, òun ló fẹ́ kọ́kọ́ pe Kalina. Àmọ́ bó ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀rín Asen ló sọ sí i lọ́kàn. Ó rí Momchil, ó rí gbogbo tábìlì tó dákẹ́ fún ọ̀rọ̀ méjì. Ohùn kan wá sọ nínú rẹ̀ pé ẹni tí kò rí nǹkan ò lè ròyìn nǹkan. Ohùn náà ní, orin lásán ni, ta ni orin pa rí?

“Àǹtí? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́. Asen ló wà lórí ìlà bíà, èmi nìkan ni mo wà níbí.”

“Màmá Stanka ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí n máa bọ̀ báyìí, àwọn á bá mi parí iṣẹ́.”

“Má da ọ̀gá rẹ láàmú nítorí àhesọ. Àwọn ló máa kọrin kẹ́yìn.”

“Ó dá yín lójú?”

“Mò ń fi ojú mi wo ìwé ètò báyìí.”

“Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ọpẹ́lọpẹ́ yín.”

Asen padà dé pẹ̀lú ife méjì. Ó ka bébà, ó súfèé. “O ti pe Kalina?”

“Mo pè é. Kò gbé e.”

“Jẹ́ kí n pè é.”

“Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun, báwo ló ṣe máa gbé e? Mo ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ó máa rí i.”

Irọ́ kì í bí ọmọ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ṣì ń mu ọmú, ìkejì àti ìkẹta ti dé.

Yìnyín Dúdú jáde nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lórí omi. Àwọn ọkùnrin tí irungbọ̀n wọn ti ń funfun ni wọ́n, nínú aṣọ dúdú, òógùn ń ṣàn lára wọn. Gìtá ké, ilẹ̀ mì, èrò hó bí ìgbì. Irun ń fò sókè sódò níbi gbogbo. Ọkùnrin gìrìpá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nevena ń sunkún láìnu ojú. Asen gbá ìyàwó rẹ̀ lápá mú, ó ń kọrin sí i létí. Nevena ń mi orí bí gbogbo ayé ṣe ń mi orí, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kúrò ní géètì.

Ẹgbẹ́ kejì ti wà lórí pèpéle kí Kalina tó dé. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì Ognyan ló wọ̀, ó tóbi jù ú lọ, ó ká apá rẹ̀ sókè. Asen wà láàárín èrò. Nevena nìkan ló kọ́kọ́ rí.

“Àǹtí, mo ti dé. Ẹgbẹ́ mélòó ló kù kó tó kàn wọ́n?”

Nevena gbá a lọ́wọ́ mú. “Kalina, wọ́n ti kọrin lọ. Òjijì ni wọ́n yí i padà. Ṣe ni wọ́n kàn gbé e kà wá láyà. Kò sí ẹni tó mọ̀.”

Kalina ò sunkún. Ó wo pèpéle, ó wo Nevena, ó tún wo pèpéle. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a, ó jókòó sórí koríko, ó kọ ẹ̀yìn sí orin.

Nígbà tí Asen gbọ́, ó fẹ́ sáré lọ bá a. Nevena dì í mú. “Má bi í ní nǹkan kan o. Bó o bá dárúkọ fóònù fún un, ṣe lo máa fi iyọ̀ sí ojú egbò.”

Asen ra omi, ó lọ jókòó tì í láìsọ̀rọ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ owú. Nevena dúró lókèèrè, ó ń wo àwọn méjèèjì lórí koríko, kì í ṣe àánú ló ṣe é. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, “Ẹ ò rí i? Orin tí kò gbọ́ pàápàá, òun náà ni wọ́n tún ń bá ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.”

Kalina ò wá sí ilé Bàbá Kolyo lọ́jọ́ kejì. Momchil pe Nevena. “Kalina ní òun ò ní ohun tí òun fẹ́ sọ. Ṣé wàá gbà mí?”

“Àánú rẹ̀ ṣe mí,” ni Nevena wí. “Èmi á wá.”

Ó ṣe irun, ó kun èékánná, bí ẹni pé rédíò máa ń fi ojú han ènìyàn. Asen ló fi ọkọ̀ gbé e lọ. Ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì, ó ń wò ó.

Nígbà tí iná pupa tàn pé ètò ti bẹ̀rẹ̀, Nevena fò bí ẹyẹ. Ó ní ìlù Yìnyín Dúdú dún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja inú Dánúbù fi yíjú padà. Ó ní gìtá wọn ké bí ẹni tí wọ́n já lójú oorun. Momchil ń rẹ́rìn-ín, ó ń mi orí. Ẹnu Nevena ti gbóná, ó ti padà sórí ìtẹ́ rẹ̀.

“Ìgbà wo lo kọ́kọ́ mọ̀ pé ọjọ́ náà máa yàtọ̀?” ni Momchil bi í.

“Láti ẹnu géètì ni. Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ lára bébà nígbà tí mo kà á pé Yìnyín ló ń ṣíwájú. Èmi ni mo kọ́kọ́ kà á nínú gbogbo èrò. Ọkọ mi ṣì wà lórí ìlà bíà, ṣe ló dà bíi kí n figbe pè é.”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Momchil ṣí ìlà fún àwọn olùgbọ́. Ẹni kejì tó wọlé, ohùn àgbà obìnrin ni.

“Stanka ni mí, tó ni ilé búrẹ́dì. Nevena, o kú iṣẹ́.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.”

“Ìbéèrè kan ni mo ní. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí Kalina pè ọ́, ìyẹ̀fun ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo di fóònù mú sí i létí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. O ní ọkọ rẹ wà lórí ìlà bíà. O ní o ń fi ojú rẹ wo ìwé ètò. O ní àwọn ló máa kọrin kẹ́yìn.”

Nevena yíjú wo Momchil.

“Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti ní kó máa lọ. Nígbà tó o sọ bẹ́ẹ̀, ó tún un wọ̀. O wá ń sọ fún gbogbo ìlú báyìí pé ìgbà tí ọkọ rẹ wà lórí ìlà yẹn náà lo ti ka bébà tuntun. Mo ti darúgbó, ó lè jẹ́ pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.”

Nevena la ẹnu, ẹnu tó ń dùn káàkiri ìlú, afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó wo ẹ̀yìn gíláàsì. Asen ti dìde dúró. Ọkùnrin náà ò bínú lójú. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ilé tó mọ̀, tó wá rí i pé ẹlòmíràn ló ń gbé ibẹ̀.

Momchil fi orin sí i. Ó bọ́ ohun tó fi bo etí rẹ̀. “Máa lọ sílé, Nevena,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì le.

Asen wa ọkọ̀ dé iwájú ilé wọn. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

“Mo bi ọ́ lẹ́nu géètì,” ló wí. “Oòrùn ṣì wà lókè. À bá ti fi ọkọ̀ yìí lọ gbé e.”

Nevena ní ọ̀rọ̀ yẹn ló dun òun ju èébú lọ.

Ìlú ò sì dákẹ́. Obìnrin kan jókòó sórí àga rẹ̀ nílé irun, ó ní, “Gé e bí mo ṣe ní kó o gé e o, Nevena. Má lọ yí ètò padà.” Àwọn tó kù ń fi ìwé ìròyìn bojú rẹ́rìn-ín. Nílé Bàbá Kolyo, ẹnikẹ́ni ò lé e. Wọ́n kàn ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn báyìí bí orin ṣe rí.

Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó lọ sí ilé búrẹ́dì láàárọ̀. Màmá Stanka wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé búrẹ́dì lo fẹ́ rà?”

“Kalina ni mo fẹ́ rí, Màmá.”

“Ó wà lẹ́yìn. Má pẹ́ níbẹ̀, a níṣẹ́.”

Kalina ń na ìyẹ̀fun lórí tábìlì gígùn. Ó kí i. Kódà lọ́jọ́ náà, “ẹ” ló fi ń bá a sọ̀rọ̀.

“Ẹ jókòó, Àǹtí.”

“Mi ò wá jókòó. Mo wá bẹ̀ ọ́.”

“Kí ni mo ṣe fún yín?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Owú ni. Asen rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ, Momchil sì pè ọ́.”

“Nítorí ẹ̀rín?”

“Nítorí ẹ̀rín.”

Kalina nu ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun kan. Nevena ti múra sílẹ̀ fún èébú, ó ti múra sílẹ̀ fún igbe. Ohun tí Kalina sọ ni kò múra sílẹ̀ fún.

“Ẹ sọ ọ́ fún mi. Kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ lórí rédíò. Bó ṣe rí gan-an. Yìnyín Dúdú ní orin kan tó máa ń rọra lọ, tí gìtá kan ṣoṣo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ognyan máa ń fi jí mi tí mo bá fẹ́ lọ síléèwé. Ṣé wọ́n kọ ọ́?”

Nevena ronú. Ó wá inú orí rẹ̀ kiri, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti já. Ó rí géètì. Ó rí irin géètì àti ẹ̀ṣọ́ tó dúró níbẹ̀, ó rí gbogbo obìnrin onírun pupa tó wọlé, tí òun rò pé Kalina ni. Kò rí nǹkan mìíràn.

“Mi ò mọ̀,” ló wí.

“Ẹ̀yin wà níwájú gan-an.”

“Mo wà níwájú. Ẹnu géètì ni mò ń wò. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń kọrin, ṣe ni mò ń ṣọ́ ọ pé kó o má tètè dé. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Momchil, mo kàn tò ó pọ̀ ni.”

Kalina wò ó fún ìgbà pípẹ́. Nevena ní kò sí ìkórìíra nínú ìwò náà, ìyẹn gan-an ni òun ò lè gbàgbé.

“Àǹtí Nevena,” ló sọ nígbẹ̀yìn, “á jẹ́ pé àwa méjèèjì la ò lọ.”

Ó dìde, ó bu ìyẹ̀fun sórí tábìlì, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.